Bàámi, Ẹ Má Fi Oko Wa Ra Tíkẹ́ẹ̀tì Dublin

Clonsilla, Dublin,
Ọjọ́ Àìkú, òjò ń rọ̀.

Ẹ kú ilé o, Bàámi. Ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ tí kò dé. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà yìí, lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé tí a háyà, ìbọ̀sẹ̀ méjìméjì lẹ́sẹ̀ mi nítorí òtútù. Mo kí Màámi. Mo kí Ìyá Kékeré àti àwọn ọmọ wọn. Mo kí Lèmọ́mù àdúgbò wa fún àdúà tí wọ́n ṣe nígbà tí Hálímà ṣàìsàn. Ara rẹ̀ ti yá. Mo kí àwọn Àgàtú tó ń bá yín ṣe oko ní Abà Àrẹ̀mú, ẹ bá mi sọ fún wọn pé mi ò gbàgbé iṣu tí wọ́n máa ń sun fún mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ràṣídì, àbúrò mi, mo kí ìwọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ kò dùn sí mi.

Ẹ ó máa wò ó pé kí ló mú lẹ́tà ọmọ yín dé inú ìwé ìròyìn, tí gbogbo Ìkirè á fi máa kà á. Bàámi, ẹ má bínú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ oko. Nígbà tí mo bi Màámi lórí fóònù ohun tí Bọ̀dá Kàmórù kà sí yín létí nínú rẹ̀, wọ́n ní ó kà á pé ara mi le, pé Dublin dára, pé mo kí gbogbo ilé. Mo ní ọ̀rọ̀ oko ńkọ́? Wọ́n ní kò sí ọ̀rọ̀ oko níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀, Bàámi. Ojú ìwé méjì gbáko ni. Bọ̀dá Kàmórù fò ó ni, nítorí pé òun ló mú ẹni tó fẹ́ ra oko náà wá, òun ni yóò sì gba owó alárinà. Bọ̀dá Kàmórù, ẹ kú iṣẹ́. Èyí, wọn yóò kà á ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀, wọn yóò kà á lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ̀ọ̀, ẹ ò sì ní lè fo ojú ìwé gbogbo ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ náà ni pé ẹ fẹ́ ta oko kòkó Abà Àrẹ̀mú, kí ẹ fi owó rẹ̀ wá ọ̀nà fún Ràṣídì kí ó lè wá bá mi. Ẹ sọ fún Màámi pé ọmọ méjì lókè òkun sàn ju ọ̀kan lọ, àti pé kòkó ti di iṣẹ́ arúgbó. Ṣáájú kí n tó fún yín lésì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan tí a jọ gbé ilé kan náà níbí. Àgbẹ̀ ni bíi yín.

Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní Dún Laoghaire létí òkun. Tíréènì méjì ni mo máa ń wọ̀ kí n tó débẹ̀ láti Clonsilla. Bí mo bá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, gbogbo ibi tí mo bá wò, ẹ̀rọ gíga tí wọ́n fi ń gbé bíríkì ló dúró sójú ọ̀run bí ẹyẹ lékeléke. Wọ́n ń kọ́lé lórí pápá tí màlúù ń jẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ìlú yìí ti dolówó lójijì, àwọn ará ibí sì ń pe ọrọ̀ náà ní ẹkùn. Àwa tí a ń gbá ilẹ̀ tí a sì ń nu ìdí arúgbó mọ̀ pé díẹ̀ ló kù kí àmì ohùn yí padà kó di ẹkún.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ ìtìjú. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń wọṣọ fún wọn, mo ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Àwọn kan máa ń dì mọ́ mi bí ọmọ. Ìyá kan wà tí kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan òun, ó ní ọwọ́ mi ò mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí n má kà á sí, ìyá àwọn ti dàgbà ni. Bàbá kan wà tó máa ń bi mí lójoojúmọ́ pé apá ibo ní Ireland ni mo ti wá. Mo máa ń dá a lóhùn pé Ìkirè. Yóò ní áà, òun mọ ibẹ̀ dáadáa, ọmọlúwàbí ni wọ́n níbẹ̀. London ni bàbá yìí ti la ọ̀nà fún àwọn Gẹ̀ẹ́sì láti ìgbà èwe rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń wá kí i.

Nọ́ọ̀sì kan wà níbi iṣẹ́ wa, ará Íńdíà, Lissy ni orúkọ rẹ̀. Òun ló wí pé kí a jọ háyà ilé, nítorí pé owó ilé ń gorí ara wọn ní Dublin bí ìgbà tí iná ń jó pápá. Òun àti Paily ọkọ rẹ̀ wà lókè, èmi àti Hálímà wà nísàlẹ̀, ilé ìdáná kan la jọ ń lò. Bàbá Hálímà wà ní London. Ẹ mọ ìyẹn, mi ò ní tún un sọ.

Nígbà tí Paily kọ́kọ́ dé, òǹtẹ̀ tí wọ́n lù sínú páásípọ́ọ̀tù rẹ̀ sọ pé ó lè bá ìyàwó rẹ̀ gbé, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́. Ọkùnrin kúkurú, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Bí ilẹ̀ ti ń mọ́ ni yóò ti jí, bí ẹni tí oko ń dúró dè, yóò dúró lójú fèrèsé, kò níbi tí yóò lọ. Yóò gbálẹ̀, yóò fọ abọ́ tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, òun ló ń mú Hálímà lọ síléèwé tó sì ń mú un bọ̀. Ó fi ọmọbìnrin méjì sílẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ nílé, èyí àbúrò sì jẹ́ ẹgbẹ́ Hálímà. Ó máa ń bó ọsàn fún un, yóò ya okùn funfun ara rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ mọ̀ pé Yorùbá yé Hálímà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ará Dublin ló fi ń fèsì. Bí mo bá bi í pé ṣé Paily tọ́jú rẹ̀ dáadáa, á ní òun wà grand, ìyẹn ni pé dáadáa ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa erin. Ó ní ní ìlú Paily, erin máa ń jáde látinú igbó wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọdé á sì máa lu páànù lé wọn.

Báyìí ni èmi náà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nípa Wayanad. Àgbègbè kan ni ní gúúsù Íńdíà, bí a ṣe ní ìjọba ìbílẹ̀ tiwa, ṣùgbọ́n tiwọn tóbi jù ú lọ. Orí òkè ni ó wà, òtútù díẹ̀ sì máa ń mú níbẹ̀. Kò sí tíréènì tó débẹ̀ títí di òní. Ọ̀nà tó ń yí bí ejò ni wọ́n ń gbà gun òkè náà. Paily sọ pé nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń wá ọ̀nà yìí, wọn ò rí i, àfi ìgbà tí ọmọ ibẹ̀ kan tó ń da ẹran lọ sórí òkè fi ojú ọ̀nà hàn wọ́n. Nígbà tí wọ́n mọ ọ̀nà tán, Gẹ̀ẹ́sì pa á, kí wọ́n lè sọ pé àwọn fúnra wọn ló wá a rí. Wọ́n ní ẹ̀mí ọkùnrin náà ń da àwọn arìnrìn-àjò láàmú títí àlùfáà kan fi fi ṣẹ́ẹ̀nì dè é mọ́ igi. Igi náà àti ṣẹ́ẹ̀nì náà wà lẹ́bàá ọ̀nà títí dòní, àwọn ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò láti wò ó. Mo bi Paily pé ṣé òun gbà á gbọ́. Ó ní ti ẹ̀mí, òun ò mọ̀. Ti pípa tí wọ́n pa á, ta ni kò ní gbà á gbọ́?

Ó ní ọba kan wà láyé àtijọ́ tó bá Gẹ̀ẹ́sì jagun nínú igbó wọn, àwọn ọlọ́fà ìdílé kan ló sì tẹ̀lé e, wọ́n ń ta ọfà láti orí igi. Ọba náà kú sínú igbó. Gẹ̀ẹ́sì gbin kọfí, wọ́n gbin tíì sórí àwọn òkè náà, títí tí gbogbo rẹ̀ fi dọ́gba bí irun tí wọ́n gẹ̀. Lẹ́yìn ogun Hítílà ni bàbá bàbá Paily gun òkè náà. Ebi ló lé wọn kúrò ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ wà lókè. Wọ́n ro igbó, ibà sì pa wọ́n bí adìẹ. Bàbá náà sin ìyàwó àti ọmọ méjì kí ó tó kórè ohunkóhun. Nígbà tó yá, ilẹ̀ náà gbà wọ́n. Iyèrè ni wọ́n gbìn, Bàámi, iyèrè tí àwa náà mọ̀, ṣùgbọ́n tiwọn tóbi, òyìnbó fẹ́ràn rẹ̀ ju wúrà lọ láyé ọjọ́un. Ó máa ń gun igi bí okùn. Bàbá Paily mọ igi kọ̀ọ̀kan tí òun gbé iyèrè lé lórí, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe mọ ìdí kòkó yín.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn Paily ni pé kò fi apá kan ìtàn náà pamọ́. Mo bi í pé ta ló ni ilẹ̀ náà kí bàbá bàbá rẹ̀ tó dé. Ó ní onírúurú ènìyàn ló wà ní Wayanad, ẹlẹ́sìn Híńdù, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́ẹ́nì bíi tòun, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ gan-an wà, àwọn tó ti ń gbé inú igbó kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó ní wọ́n pọ̀ níbẹ̀ ju bí wọ́n ṣe pọ̀ lápá ibòmíràn ní ìpínlẹ̀ wọn lọ. Paniya ni wọ́n ń pe ìdílé tó pọ̀ jù nínú wọn. Láyé àtijọ́, nígbà ọdún òrìṣà wọn, àwọn olóko á wá síbi ọdún náà láti gbà wọ́n síṣẹ́ ọdún kan, bí ẹni ń yan ẹran lọ́jà. Wọ́n á fún wọn ní owó péréte àti aṣọ, wọ́n á sì kó wọn lọ. Nígbà tí Paily wà ní kékeré, wọn ò tún gbà wọ́n bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn náà ló ń ká iyèrè bàbá rẹ̀, ẹ̀yìn ilé ni wọ́n sì ti ń jẹun, lórí ewé.

Mo rò ó wò pẹ̀lú àwọn Àgàtú tiwa. Ṣùgbọ́n àwọn Àgàtú ní ilé tí wọn yóò padà sí bí kòkó bá parí. Àwọn Paniya, ilẹ̀ baba wọn ni wọ́n ti ń ṣe lébìrà. Paily ní lọ́dún tí àwọn kan nínú àwọn onílẹ̀ náà padà wọ inú igbó, tí wọ́n pa àgọ́ síbẹ̀ pé ìjọba ti ṣèlérí ilẹ̀ fún àwọn kò sì mú un ṣẹ, ọlọ́pàá yìnbọn lù wọ́n. Ó ní bàbá òun gbọ́ ọ lórí rédíò, ó ní wọ́n kúkú fẹ́ràn wàhálà, ó sì yí rédíò náà sí ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà ni iyèrè kú. Àrùn kan ló wọ ìdí rẹ̀, ewé á rọ lónìí, gbogbo okùn á ti dúdú lọ́la. Èyí tí kò kú, owó rẹ̀ lọ sílẹ̀ títí tí kíká rẹ̀ fi wọ́n ju títà rẹ̀ lọ. Àwọn àgbẹ̀ ti yá owó báńkì láti gbin òmíràn. Paily ní ìgbà yẹn, bí ajá bá ń gbó nínú àdúgbò láàárọ̀, ìyá rẹ̀ á kọ́kọ́ dúró gbọ́ bóyá ariwo ẹkún ni. Aládùúgbò tí ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń gé iyèrè, baba ọlọ́mọ mẹ́rin, oògùn kòkòrò ni ó mu. Kì í ṣe òun nìkan. Ìyá Paily náà kú láàárín ìgbà yẹn, àìsàn ọkàn ni wọ́n pè é.

Lissy ti kàwé nọ́ọ̀sì. Éjẹ́ǹtì kan dé, ó ní Ireland ń wá nọ́ọ̀sì. Bàbá Paily ta oko. Ó ta gbogbo rẹ̀ àfi ibi tí ilé kékeré wà lẹ́bàá títì. Ó ní iṣẹ́ òkè òkun sàn ju iyèrè lọ. Bàámi, nígbà tí Màámi sọ fún mi ohun tí ẹ wí, mo rò pé ẹnìkan ti sọ ọ̀rọ̀ bàbá yẹn sí yín létí ni.

Ó pẹ́ kí òfin tó rọ̀ díẹ̀ fún àwọn ọkọ nọ́ọ̀sì. Nígbà tó rọ̀, Paily rí iṣẹ́ ní Grange Castle, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé iṣẹ́ oògùn ńláńlá kan. Àfọ́kù bíríkì ni wọ́n ní kó máa kó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lọ, ó fi ẹ̀wù aláwọ̀ òféfèé tí wọ́n fún un han Hálímà, ó yí po nínú ilé ìdáná bí ìyàwó tuntun. Mo gbàdúrà fún un. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ra nǹkan pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀: bàtà, kóòtù, bébà aláwọ̀. Bí ó bá pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, bàbá á ní kò séwu, ara le, àwọn ọmọ ń kàwé, ẹni tó ra oko ń ṣe dáadáa sí gbogbo ènìyàn. Ìyẹn ni pé ó ń sọ irú ohun tí ẹ̀yin ń sọ fún mi.

Lẹ́yìn tí wọ́n fún un láyè ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ sílé láti lọ kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá. Kò sọ fún bàbá rẹ̀ ọjọ́ tí yóò dé. Ó fẹ́ yọ sí wọn lójijì ni, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, Lissy ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi nínú ilé ìdáná, kò tilẹ̀ lè jókòó. Paily fúnra rẹ̀ tún un sọ fún mi lórí fóònù lẹ́yìn náà, kò sì fi ohunkóhun kún un.

Ó háyà mọ́tò láti ibi tí tíréènì mọ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀. Wọ́n gun òkè náà. Kí wọ́n tó dé ilé, wọ́n ní láti kọjá lẹ́bàá oko wọn àtijọ́. Ó rí i pé wọ́n ti ṣe géètì sí i, wọ́n ti kọ́ àwọn ilé kéékèèké onípákó sáàárín igi, fún àwọn olówó tó ń wá láti ìlú ńlá láti wá simi. Ó ní kí dírẹ́bà yà síbẹ̀, òun fẹ́ yọjú wo àwọn igi. Bí mọ́tò ti kọjú sí géètì, mègáàdì kan tó wọ aṣọ kaki dìde lórí àpótí, ó to ẹsẹ̀ pọ̀, ó gbé ọwọ́ sí iwájú orí, ó ṣe sàlúùtù fún wọn. Gíláàsì mọ́tò náà dúdú díẹ̀. Paily yí i sílẹ̀ láti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Bàbá rẹ̀ ni.

Bàbá náà kò tíì dá a mọ̀. Ó pè é ní sà. Ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó ti fi orúkọ sílẹ̀ fún yàrá. Ìgbà tí Paily pe orúkọ tí ó máa ń pe bàbá rẹ̀ nílé ni bàbá náà yọ fìlà, tó sì fi í pamọ́ sẹ́yìn ara rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó jí nǹkan.

Obìnrin Paniya kan ń gbálẹ̀ lójú ọ̀nà. Ó ti bá wọn ká iyèrè rí, Paily mọ̀ ọ́n láti kékeré. Ó fi ìgbálẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá kí i, ó bi í léèrè ìyàwó rẹ̀. Paily bi í pé báwo ni iṣẹ́. Ó ní iṣẹ́ dára, pé àwọn yìí ń sanwó ju bí bàbá rẹ̀ ṣe ń san lọ. Kò sọ ọ́ láti bú wọn. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá. Bàbá náà ń gbọ́, ó ń wo ilẹ̀.

Paily ní kí bàbá rẹ̀ bọ́ aṣọ náà kí wọ́n máa lọ sílé. Bàbá ní ó di ìgbà tí ẹlẹgbẹ́ òun bá dé. Paily jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí náà títí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi dé. Nílé, ó bi í pé ṣé owó tí àwọn ń fi ránṣẹ́ kò tó ni. Bàbá ní ó tó fún àwọn ọmọ, kì í ṣe owó ló gbé òun débẹ̀. Ó ní lẹ́yìn tí òun ta oko, òun ò mọ ibi tí òun yóò máa lọ láàárọ̀. Òun lọ bẹ àwọn tó rà á pé kí wọ́n jẹ́ kí òun máa wọlé wo àwọn igi òun. Wọ́n ní àjèjì kò lè máa wọlé wọ̀de, àfi bí ó bá jẹ́ òṣìṣẹ́. Ó ní nítorí náà ni òun ṣe gba kaki.

Paily kò padà wá sí Dublin. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ṣòfò. Ó háyà ilẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ó ń gbin atalẹ̀ sí i, ó ń tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ṣì ń lọ sẹ́nu géètì. Ó ní bí ó ti wù kí ọmọ òun bẹ òun tó, ibẹ̀ ni òun yóò wà.

Ẹ má rò pé ayọ̀ ni ìyẹn. Lissy ń bínú. Mo máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè orí mi bí wọ́n bá ń bá ara wọn jà lórí fóònù, mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n mo mọ bí ìjà ṣe ń dún. Ó sọ fún mi pé òun ò fi ọmọ sílẹ̀ kọjá òkun kí òun wá di ìyàwó ẹni tó ń háyà ilẹ̀ gbin atalẹ̀. Ó ní ta ni yóò san gbèsè báńkì tó kù láti ìgbà iyèrè bí òun náà bá padà? Ó tọ̀nà. Paily náà tọ̀nà. Àwọn méjèèjì tọ̀nà, ilé wọn sì ti fọ́. Hálímà dúró lẹ́nu ọ̀nà iléèwé lọ́jọ́ kìíní tí Paily kò sí, kò jẹ́ kí obìnrin tí mo bẹ̀ lọ́wẹ̀ di òun lọ́wọ́ mú. Ó bi mí pé ìgbà wo ni yóò dé. Mo ní kò ní dé mọ́. Ó ní ṣé torí pé wọn ò fẹ́ kó máa gbé ibí ni? Ọmọ tí wọ́n bí síbí ló ń bèèrè bẹ́ẹ̀. Ó ti mọ̀ pé àwọn kan wà tí wọn ò fẹ́.

Bàámi, ẹ jẹ́ kí n wá dáhùn. Bí Ràṣídì bá fi owó oko dé ibí, kò ní òǹtẹ̀ bí ti Paily pàápàá. Ọ̀tẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń kó àwọn tó wá sá di wọ́n sí ni wọn yóò gbé e lọ. Yàrá kan, ọkùnrin mẹ́rin. Wọn yóò gbé oúnjẹ fún un lákòókò tí wọ́n bá fẹ́, kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́, kò gbọdọ̀ dáná. Mo mọ ọmọ Ìwó kan tó ti wà nírú ibẹ̀ ju ọdún méjì lọ. Ó máa ń wá sí mọ́ṣáláṣí, irun orí rẹ̀ ti ń funfun, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Kì í bínú mọ́. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ràṣídì pè mí lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀ tó kọjá. Mo sọ gbogbo èyí fún un. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ló ní, Àǹtí mi, ẹ ti wọlé, ẹ wá ń ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, mi ò purọ́. Mo ní ilẹ̀kùn kì í ṣe tèmi, Ràṣídì. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ní kí n dúró sí kí n máa nu ẹsẹ̀ àwọn tó ń wọlé. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn láti nu ẹsẹ̀ ní Dublin ju kí òun jẹ́ olóko lábà. Ó gé fóònù. Mi ò bá a wí. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni, kò sì sí ẹni tó sọ òótọ́ fún un rí, nítorí pé àwa tí a wà lókè òkun, ẹ̀wù tó dára la máa ń wọ̀ ya fọ́tò.

Ẹ máa ń sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Bí ẹ bá wá ta ilé náà nítorí àjò, níbo ni onílé yóò re? Oko yẹn kì í ṣe ti ẹ̀yin nìkan. Ọmọ ni mo jẹ́ níbẹ̀, obìnrin ni mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n àtèmi ni a jọ fọ́ kòkó rẹ̀. Mi ò fọwọ́ sí i. Kí ẹni tó fẹ́ rà á gbọ́, kí Bọ̀dá Kàmórù gbọ́, kí gbogbo ẹni tó ń gbọ́ kíkà ìwé ìròyìn yìí ṣe ẹlẹ́rìí mi. Mo ti gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, èmi àti Hálímà ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ yín. Ẹ mú Ràṣídì dání, kí a jọ lọ sí Abà Àrẹ̀mú, kí a jókòó síbẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ náà. Bí ó bá jẹ́ pé oògùn ìdí kòkó tàbí ẹ̀rọ ìfínkòkó ni ó kù, ìyẹn ni kí ẹ bèèrè lọ́wọ́ mi.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tà á kí ìwé yìí tó dé etí yín, Bàámi, ohun kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín. Ẹ má ní kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi pé kò séwu. Ẹ pè mí, kí ẹ fi ẹnu ara yín sọ ibi tí ẹ ń lọ láàárọ̀ fún mi.

Kí Ọlọ́run lọ́ra ẹ̀mí yín àti ti Màámi, kí ó fún yín ní àlàáfíà tí kò ní àbùlà. Kí ó jẹ́ kí ilẹ̀ tí ẹ ro gbọ́ ohùn yín pẹ́. Mo kí gbogbo ilé, lọ́mọdé lágbà. Mo kí aládùúgbò ọ̀tún, mo kí ti òsì. Hálímà ní kí n kí bàbá àgbà òun tí òun kò rí rí, ó ní kí ẹ má sùn kí òun tó dé.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ bí, tí òkun kò gbà lọ́wọ́ yín,
Sìdíkátù.